Ẹni Tó Ń Wọ Bàtà Elmas

Ẹrẹ̀ ló wà nídìí bàtà Elmas láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹrẹ̀ tútù ni, kò tíì gbẹ, èso káyísì kan tó ti fọ́ sì lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún. Bedia, ìyá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàtà náà sókè, ó wò ó, ó tún gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹrẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní abúlé Sarikaya. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Elmas kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láti ìgbà yìnyín èṣín.

Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, ó dá a padà sáàyè rẹ̀, ó wọlé lọ po ìyẹ̀fun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tí nǹkan ti kúrò lóhun tó ń ya Bedia lẹ́nu. Inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri: o lè fi abẹ́rẹ́ gún un, á kàn máa wò ọ́ ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Elmas. Ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tàgétàgé. Bàbá arúgbó kan ládùúgbò, tí òun àti ọtí mọ ara wọn dáadáa, a máa kí i pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀?" Elmas á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ń ṣubú. Nígbà tó tún yá, wọ́n ra àga oníkẹ̀kẹ́. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń fà bí oyin tó ń kán láti inú ìgò. Àwọn dókítà nílùú ńlá ní inú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti bàbá ni àìsàn náà ti pàdé ara rẹ̀, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ló fẹ́ra. Wọ́n ní kò ní oògùn. Díẹ̀díẹ̀ ló máa máa mú nǹkan lọ: ẹsẹ̀, ọwọ́, ohùn, ọkàn ló máa gbẹ̀yìn. Wọ́n ní kò ní fọwọ́ kan ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni ń fúnni lẹ́bùn. Kadir, bàbá Elmas, tó ń fi èéfín imí-ọjọ́ sá káyísì fún àwọn olóko, dáhùn pé olè tó máa ń fi onílé sílẹ̀ kó lè máa wo òun nìyẹn. Látọjọ́ náà, kò tún sọ̀rọ̀ àìsàn yìí mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ilé wọn, Gulizar ló ni ín, ìyá Kadir. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé ní Sarikaya. Àlejò á bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, imú bàtà á máa wo inú ilé. Bó bá ti jókòó tán, Gulizar á yọ́ jáde lọ yí i padà, kí imú rẹ̀ máa wo òde, kí àlejò lè tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà a tún máa sọ pé àlejò tí a ò yí bàtà rẹ̀, ọmọ ilé ló dà, kò ní lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń sáré yí ti àwọn obìnrin tó bá mọ tíì mu.

Ní gbogbo ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Bedia ń ra bàtà tuntun fún Elmas. Ìyá àgbà á tò ó mọ́ ti àwọn tó kù, á yí imú rẹ̀ sóde. Ó ní kí àwọn èèyàn má baà sọ pé ọmọ àwọn ò ní ibi tó ń lọ.

Àsìkò káyísì ni. Gbogbo òrùlé abúlé ló pẹrẹsẹ, wọ́n sì ti sá èso náà sórí wọn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí àgbálùmọ̀ kékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ti lé gbogbo èèyàn wọlé, Bedia gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àjà. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni, ó ń sá lọ, ó ń sá bọ̀. Ó gun àkàbà lọ sókè. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ojú ẹsẹ̀ ló rí láàárín káyísì, kékeré, ó tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí etí òrùlé níbi tó kọjú sódò, ibẹ̀ ló sì parí sí. Bedia wo ìsàlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ to èso tó fọ́n ká padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, Elmas ti jí lójú oorun ọ̀sán. Ìyá àgbà jókòó ti ìdí ibùsùn, ó ń fi ọ̀bẹ yọ kóró káyísì.

"Màmá," Elmas wí, "ẹ bá mi wọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ń ro mí."

Bedia dúró. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹsẹ̀ náà ti dákẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

"A rìn jù. A dé odò. Omi ẹ̀ tutù nini."

"Ìwọ àti ta?"

Elmas wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu títí kó tó rí i. "Èmi àti ẹni tó gé okùn mi."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tó bá pẹ́ kó tó rìn, wọ́n á ní okùn kan tójú ò rí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á wá fi èyí tójú rí so ó, òwú pupa àti dúdú, mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ àdúgbò á sáré láti ìdí ẹ̀rọ omi wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa fi àlùmọ́gàjí gé okùn náà, wọ́n á fún un ní búrẹ́dì aládùn, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wọ ọmọ náà lára. Nítorí èyí, àwọn àgbà kì í fi í sílẹ̀ fún eré ìje. Wọ́n á ti yan ọmọ tí wọ́n mọ ìyá tó bí i, wọ́n á sì sọ fún àwọn tó kù létí pé kí wọ́n rọra sá. Ojóòró ni, ṣùgbọ́n ojóòró ọlọ́gbọ́n ni.

Ní ti Elmas, ọmọ náà ti lé lọ́dún kan àtààbọ̀ kò tíì rìn, ojú sì ń kán ìyá àgbà. Ó ní kí wọ́n sáré bó ṣe wù wọ́n, ẹni tó yára jù lọ gan-an lòun ń fẹ́. Ọmọbìnrin kan ló dé, tó ti ṣáájú àwọn tó kù jìnnà. Kò mí hẹlẹ. Aṣọ òféèfèé bí ìyeyè ló wọ̀, bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó gé okùn, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́, ó sì lọ. Kò gba búrẹ́dì. Kálukú rò pé ọmọ àwọn aláàgọ́ tó ń wá ká èso ni. Lọ́jọ́ kẹta Elmas rìn, wọ́n jó, wọ́n gbàgbé.

"Mi ò yí bàtà ẹ̀," ìyá àgbà wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń kírun lọ. "Ariwo pọ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo débẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ lọ."

"Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nìyẹn, Màmá," Bedia wí.

"Ìyàwó mi, ṣé mo sọ pé àná ni?"

Ohun tí ìyá àgbà rò nìyí: kí wọ́n tún okùn náà so, kí wọ́n tún eré náà sá. Ọmọ yẹn á wá. Bó bá ti bọ́ bàtà, kí ẹnì kan yí i sóde kíákíá. Bó bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó ti lọ pátápátá nìyẹn, ohun tó sì ń mú lára Elmas á dúró síbi tó dé. Nígbà tí Kadir gbọ́, ó fọ ọwọ́ tó kún fún òórùn imí-ọjọ́, ó ní àwọn dókítà ti gba owó, kò sí nǹkan kan tó tìdí ẹ̀ yọ, ó kéré tán, búrẹ́dì nìkan ni ti ìyá òun máa ná àwọn. Ó fúnra rẹ̀ lọ ra òwú náà.

Bedia gbà. Kò gbà á gbọ́, kò sì kọ̀ ọ́. Ó ṣe é bó ṣe ń ṣe ohun gbogbo: bó ṣe ń yí Elmas nídìí kí egbò má baà jáde sí i, bó ṣe ń fún un lọ́bẹ̀ kí ó má baà pá a lórí. Ó wọ aṣọ ọdún fún un, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán.

Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n jókòó, àánú kún ojú wọn dẹ́múdẹ́mú. Bedia so okùn mọ́ ẹsẹ̀ tínínrín méjèèjì lórí àga oníkẹ̀kẹ́.

"Ẹ so ó le," Elmas wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mo lè sá lọ."

Àwọn obìnrin ò mọ̀ bóyá káwọn rẹ́rìn-ín tàbí káwọn má rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ló rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ aláìlójútì, ta ló bí i?

Kadir ju ọwọ́ sókè lójú fèrèsé, eré bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Kò pẹ́ tí Bedia fi gbọ́ ẹsẹ̀ náà. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló gbọ́ lórí àjà.

Ọmọbìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà. Bàtà Elmas ni, èyí tí Bedia ti fi sórí pákó tí wọ́n ń to bàtà sí láàárọ̀, kò sì mọ ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Ó wọlé. Kò dàgbà sí i láti ọdún mẹ́wàá, kò sì mí hẹlẹ. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga oníkẹ̀kẹ́, ó gé okùn náà. Bedia di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ọwọ́ ọmọ gidi, omi káyísì gbẹ mọ́ ọn, òwú pupa àti dúdú tó ti ṣá sì wà lọ́rùn ọwọ́ náà. Bedia wá wo aṣọ rẹ̀. Òféèfèé bí ìyeyè. Bọ́tìnnì funfun mẹ́rin, dúdú kan lọ́rùn, torí funfun ti tán lọ́wọ́ òun lóṣù tó kọjá, nígbà tóun ń rán an. Aṣọ tí òun wọ̀ fún Elmas láàárọ̀ ni. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo ojú tó wà lókè bọ́tìnnì dúdú náà.

Elmas ni. Elmas tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ lọ́dún yẹn, torí Elmas ò tíì ní ojú yìí nígbà náà.

Ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti kan bàtà.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má yí i," Elmas wí lórí àga. Ó gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ náà já geere. "Tó bá lọ, kí ni màá máa fi rìn?"

Àwọn méjèèjì ń wò ó, ojú kan náà nígbà méjì. Bedia fi ọwọ́ ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó sì gbé e kúrò lórí bàtà. Ẹnì kan gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó wọ bàtà, ó jáde.

Ìgbà náà làwọn ọmọ tó kù ń dé, tí wọ́n ń mí bí ẹran tí ajá lé. Ọmọ aládùúgbò wọn kan, Nesibe, jókòó sílẹ̀ tìbínútìbínú.

"Ojóòró ni. Ẹ ò sọ fún wa pé Elmas máa bá wa sáré."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó rí ju pé afẹ́fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, okùn sì já.

Nígbà yìnyín, ohùn Elmas lọ. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ gígùn ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà orúkọ èèyàn, "Màmá" ló gbẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ tí ohùn náà lọ tán, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lórí òrùlé lọ́sàn-án. Kadir ń jẹun. Ó tẹ́tí, ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti mọ orin tuntun," ó wí, ó sì ń jẹun lọ.

Bedia a máa gun òkè lọ kó yìnyín kúrò, kí ẹni tó ń sáré níbẹ̀ má baà yọ̀ ṣubú. Ó ń nu bàtà láàárọ̀. Ìyá àgbà kì í sún mọ́ pákó bàtà mọ́, ṣùgbọ́n imú bàtà Elmas ń wo òde lójoojúmọ́, bó bá jáde, bó bá padà.

Ìgbà tí káyísì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, Bedia ti ìdí ẹ̀rọ omi bọ̀, ó bá bàtà náà lórí àtẹ̀gùn. Imú rẹ̀ ń wo inú ilé. Kò sí ẹrẹ̀ lára rẹ̀ rárá. Ó gbé korobá sílẹ̀. Kò sí orin lókè. Ó rántí ẹsẹ̀, ó rántí ọwọ́, ó rántí ohùn, ó sì rántí èyí tí àwọn dókítà dárúkọ gbẹ̀yìn, ọkàn.

Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì yà á lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tí ohunkóhun ti bà á lẹ́rù. Ó di bàtà náà mú, ó yí imú rẹ̀ sóde, ọ̀kan, èkejì, bí ìyá àgbà ṣe fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ eré, kí ohun tó kù lára Elmas lè kù.

Láti inú yàrá Elmas, ohùn kan dún, ó já geere bíi ti ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe rí.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń lé mi ni?"

Ọwọ́ Bedia wà lórí bàtà náà síbẹ̀. Kò mọ èwo nínú wọn ló ń bi òun.