Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọ́ Ti Ìka

"Tún un tàn," ni ìyá wí.

Akọ̀wé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, tún un tàn. Kọ̀ǹpútà náà dún, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà funfun pé òun kò rí kíbọ́ọ̀dù kankan.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyẹn tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Àwòrán gbogbo ìdílé wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ìyá mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọn yóò tẹ̀ kó tó ṣí, ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì kan tó gbọ́ ti ìka wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá, tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, yọ okùn kíbọ́ọ̀dù, ó ki í bọ ihò mìíràn, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Pàbó ló já sí. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ìyá kọ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ni ín ò fẹ́ kí n débẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí kò dìde mọ́, òun àti ìyá ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ìyá ní kó kúkú gbé e níyàwó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Akọ̀wé nìkan ló mọ òótọ́. Bàbá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ó máa ń bá a tẹ lẹ́tà. Lọ́jọ́ tí bàbá kú gan-an, bí Akọ̀wé ti ti ilé ìwé dé, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ohun tí bàbá ti kìlọ̀ fún un títí. Ó dà sórí kíbọ́ọ̀dù. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó pa kọ̀ǹpútà, ó wá ń ro irọ́ tí yóò pa. Kò tíì rò ó tán tí wọ́n fi mú ìròyìn ikú wálé.

Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ò jẹun kánú mọ́. Bó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kọjá, ńṣe ló ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Akọ̀wé gbọ́ ohùn nínú yàrá náà, ó sì yọjú. Ìyá rẹ̀ ló jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò ti inú mi wá."

Fún ìgbà díẹ̀, Akọ̀wé pàápàá ń retí kí ẹ̀rọ náà dáhùn. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá ò nà án, kò sì pariwo.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ òkú," ó wí, "ìwọ sì ń wò mí."

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú kíbọ́ọ̀dù náà, ó fi bí ọtí dídùn ti gan mọ́ ìdí àwọn bọ́tìnnì hàn wọ́n. Ó ki kíbọ́ọ̀dù mìíràn bọ kọ̀ǹpútà náà. Ìyá tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, àwòrán bàbá sì yọ sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá bú sẹ́kún. Akọ̀wé na ọwọ́ sí i, ìyá rọra yẹ èjìká kúrò. Ó tó oṣù méjì kó tó tún fi orúkọ tí bàbá sọ ọ́ pè é.

Kíbọ́ọ̀dù ṣeé pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá kan fi gbà pé ọkọ òun gbé ìbínú sí òun lọ sí sàréè, kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ ìyẹn fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹ bá ti ń dákẹ́, ẹlòmíràn lè ti máa ru ẹ̀bi yín kiri.