Irin Tó Ju Apá Ìyá Lọ

Àárọ̀ Sátidé kan báyìí ni, kò sì sẹ́ni tí nǹkan kan ṣe nínú ilé náà. Wẹ́dà kan, ọkùnrin tó ń fi iná jó irin pọ̀, ya ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó bá a lórí àga ní pálọ̀, ìgò omi kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì. Ìyá ń gbé wọn sókè, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wẹ́dà.

“Hàà, Màmá! Ìgò omi lẹ wá ń bá jà?”

“Máa rẹ́rìn-ín lọ, ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá lọ́sibítù ní eegun mi ti ń fẹ́lẹ́, pé gbígbé ẹrù níwọ̀nba ló lè mú un le. Ó ní ohun tí mo bá lè gbé lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsé èémí, láìtẹ ẹ̀yìn, tí á kàn rẹ̀ mí díẹ̀ lópin, òun ni tèmi. Tí ìyẹn bá ti wá fúyẹ́, kí n fi bíńtín kún un.”

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n wẹ́dà ò gbọ́ ọ sétí.

Onídìrí ni ìyá yìí. Apá tó máa ń wà lókè orí olórí láti òwúrọ̀ dalẹ́ ló fi tọ́ wẹ́dà lẹ́yìn ikú baba rẹ̀, òun náà ló sì fi ń jẹun títí dòní. Ó máa ń sọ ọ́ pé òun ò ní tọrọ jẹ lọ́wọ́ ọmọ níwọ̀n ìgbà tí apá òun bá ṣì ń gbéra. Ìdí tó fi ń bá ìgò omi ṣeré nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wẹ́dà wọ ibi tí wọ́n ti ń ta irin ìdárayá.

“Ta ló fẹ́ lò ó?” ni ẹni tó ń tajà bi í.

“Ìyá mi ni.”

“Á dáa kí wọ́n wá gbé e wò fúnra wọn.”

“Ìyá tèmi? Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, jàre!”

Ó gbé irin oníkílò mẹ́jọ méjì, wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sanwó. Ẹ gbọ́ ná, ta ní ń fi apá wẹ́dà wọn ẹrù onídìrí? Ìfẹ́ ló sì fi ṣe é o. Ó tilẹ̀ wé aṣọ mọ́ ibi ìdìmú kó má baà ta ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tó gbé e dé, ìyá rí i pé ó ju agbára òun lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń súre. Ta ni yóò kọ ẹ̀bùn ọmọ lójú ọmọ?

“Ẹ gbé e, Màmá! Ẹ má ṣojo!”

Ó gbé e. Apá ọ̀tún ń gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, bí irin ṣe dé ẹ̀gbẹ́ etí ni nǹkan ró pọ́ọ́ léjìká. Ojú rẹ̀ ṣú.

“Kò dùn yín, àbí?”

“Rárá o. Ara ló ń nà.”

Wẹ́dà pàtẹ́wọ́. Gbogbo ìgbà tó bá sì tún yà wá, ìyá á rọra gbé irin, á rẹ́rìn-ín. Tó bá ti lọ, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa fi òògùn ìpara ra èjìká, á máa sunkún.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan pe wẹ́dà lórí fóònù. “Ẹ máa bọ̀ o. Màmá yín dirun mi dé àárín, òòyà bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè gbápá mọ́.”

Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ irin àti ìró pọ́ọ́ náà lẹ́nu ìyá, ó ya àwòrán èjìká náà, ó mi orí. “Iṣan tó ń gbé apá sókè ló já. Ká ní wọ́n wá lọ́jọ́ tó ró pọ́ọ́ yẹn ni, bóyá à bá rí i rán. Ó ti súnkì báyìí, kò ṣeé rán mọ́. Ìrora tó gún èèyàn lójijì kì í ṣe ara nínà rárá. Tí apá bá ti ń gbọ̀n, tí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀, irin yẹn ti pọ̀ jù, ilẹ̀ ni kéèyàn gbé e sí. Ta tiẹ̀ ló yan oníkílò mẹ́jọ fún wọn?”

Wẹ́dà wojú ìyá rẹ̀.

“Èmi ni, dókítà,” ni ìyá dáhùn. “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yàn án.”

Wẹ́dà bú sẹ́kún níbẹ̀, bó ti tóbi tó.

Ìyá ti ti ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ pa. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ga ju àyà lọ mọ́, ọmọ ló sì ń bọ́ ọ. Láràárọ̀, wẹ́dà ní í wá wé ìborí fún un, ọwọ́ tó mọ irin í jó kò sì mọ aṣọ í wé.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọkọ mi.”

“Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má purọ́ fún mi mọ́.”

Ìyá fọwọ́ òsì tọ́ ìborí náà wò. “Ó wọ́. Tú u, kí o tún un wé.”

Ó tú u, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eré ìdárayá dára, ẹ má torí èyí sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé irin ni kó yan irin, kó gbé e wò, kó sì bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó fúyẹ́. Bó bá dùn yín, ẹ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yín ló rà á, kí ẹ sì tètè gba ọsibítù lọ. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ bi ìyá yín léèrè dáadáa, kí ẹ dúró gbọ́ èsì. Inú ọmọ tó bàjẹ́ lónìí á tún dùn lọ́la. Iṣan tó já tí a fi pa mọ́ kì í so padà.