Àárò Màmá Àtijọ́

Nígbà tí Ológoṣẹ́ ti ilé-ìwé dé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí tábìlì ìránṣọ, ó ń fi bíléèdì tú aṣọ aláwọ̀ ewé kan ní ojú rírán. Ìyá ti tú ẹ̀gbẹ́ kan tán, ó sì ti ń múra àtitú ìkejì.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi aṣọ yẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ dín in kù ni. Tí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, ńṣe ló dà bíi pé mo yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Ẹ̀yin náà lẹ ni ín."

"Ẹni tó ni ín nígbà yẹn sanra jù mí lọ." Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wọn etí aṣọ náà, ó sì fa ìlà sí ibi tó fẹ́ gé.

Ológoṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ yẹn ni ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó mú un lọ sílé-ìwé girama fún ìgbà àkọ́kọ́. Aṣọ yẹn ló máa ń gbórí lé tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Ó gbé àpò ìwé rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, torí pé kò fẹ́ kí sísọ́ọ̀sì kan aṣọ náà lójú òun.

Ológoṣẹ́ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn méjèèjì ló kù sínú ilé. Wọ́n ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ìyá sì ń rán aṣọ ní yàrá iwájú tó kọjú sí títì.

Láyé ìgbà kan, Sátidé ni ọba ọjọ́ nílé wọn. Ìyá kì í fọwọ́ kan maṣíìnì láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n á ra búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, wọ́n á dín ẹyin, wọ́n á po tíì sínú kọ́ọ̀pù ńlá ńlá. Wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé. Ìyá á máa sín àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ: èyí tó mú aṣọ wá lónìí tó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, àti èyí tó máa ń fa ikùn wọlé tí wọ́n bá ti ń wọn ìbàdí rẹ̀. Ológoṣẹ́ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá yó tán, á fẹ̀yìn ti ìyá rẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ rọ̀, ó gbòòrò, ó sì móoru. Kò sí tìmùtìmù náà láyé tó tó o.

Ṣùgbọ́n ara yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ìyá gbádùn. Orúnkún ń dùn ún, ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, bó bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbìyànjú títí, ó dín oúnjẹ kù, ó ń rìn, ó ń lo oògùn. Bó bá rù díẹ̀, á tún sanra padà. Níkẹyìn, dókítà dámọ̀ràn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò ikùn kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Ológoṣẹ́ gbàdúrà títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Àdúrà náà gbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé lẹ́yìn ayọ̀ náà, òun yóò máa ṣàárò ẹni tó wà láàyè, tó sì ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú òun.

Àwo pẹlẹbẹ kékeré ni ìyá fi ń jẹun báyìí, àti ṣíbí tí wọ́n fi ń ro tíì. Á jẹ òkèlè kan lẹ́nu títí yóò fi kúnná. Kò gbọdọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ. Irun rẹ̀ ń já sẹ́nu òòyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ti ní yóò hù padà. Ẹnu àwọn oníbàárà kò sì mọ́ sí ibì kan. Ọ̀kan á ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín? Ẹ ti rù jù." Òmíràn á ní, "Ọ̀nà àbùjá lẹ̀yin gbà. Àwa tí à ń sáré yí pápá po ńkọ́?" Ìyá á dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ tán, á wọ yàrá lọ, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, kó tó jáde wá máa bá iṣẹ́ lọ.

Sátidé wá di ọjọ́ ìpàdé. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ni àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà máa ń kóra jọ sí, nọ́ọ̀sì kan ló ń darí wọn. Awakọ̀ takisí kan tí òun náà ti ṣe é ló máa ń wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyá. Ọkùnrin náà jẹ́ ọlọ́yàyà, ó sì máa ń kí Ológoṣẹ́ dáadáa. Kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ó kàn jẹ́ pé bó bá ti dé, Sátidé Ológoṣẹ́ ló ń gbé lọ.

Èsì ìdánwò jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Ìṣirò tó ti ń dá Ológoṣẹ́ láàmú láti ọjọ́ yìí, ó yege nínú rẹ̀, ó tún wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù ní kíláàsì. Ó sáré délé. Ìyá gbá a mọ́ra, ó sì ń jó.

"Màmá, lọ́la, ẹ jẹ́ ká ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Tí mo bá ti ìpàdé dé, a ó jọ jáde. Ibi tó bá wù ọ́ la ó lọ."

Ológoṣẹ́ ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá wà ní ilé ìwẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Awakọ̀ ni.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Sọ fún Màmá pé mo ti ń bọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí Ológoṣẹ́ tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́. "Wọn ò ní lè wá lónìí, sà. Orí ń fọ́ wọn."

"Háà, pẹ̀lẹ́. Bá mi kí wọn. Kí wọ́n rọra sinmi."

Ohùn ọkùnrin náà tutù, ó kún fún àánú. Inú Ológoṣẹ́ kò dùn sí ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n kò pè é padà. Ó sáré lọ ra búrẹ́dì, ó dín ẹyin, ó po tíì. Nígbà tí ìyá jáde, tó ti múra, ó bèèrè bóyá awakọ̀ ti pè.

"Wọ́n pè. Wọ́n ní àwọn ò ní ráàyè wá." Irọ́ kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá wo tábìlì. Ó wo búrẹ́dì tó ń rú èéfín, ó tún wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Nítorí ìdánwò mi ni, Màmá. Lónìí nìkan. Ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ ṣe máa ń jẹ ẹ́."

Ìyá gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga, ó jókòó.

Ó kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́ ní ìwọ̀nba. Ọ̀rọ̀ wá ń wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín oníbàárà kan jẹ, Ológoṣẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó wà ní kékeré. Inú wọn dùn débi pé ìyá gbàgbé ara rẹ̀. Ó gé búrẹ́dì ńlá kan jẹ, ó yára gbé e mì, ó fi tíì lé e. Bó ṣe fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni ohùn rẹ̀ bá dá dúró. Ó gbọ́wọ́ lé àyà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Màmá? Màmá, kí ló dé?"

Ìyá kò lè sọ̀rọ̀. Ológoṣẹ́ gbé omi, ìyá mi orí pé òun ò fẹ́. Ọmọbìnrin náà mú fóònù. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ rí ni ti awakọ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín. Orí ò fọ́ wọn. Búrẹ́dì ni wọ́n jẹ, ó ti há wọn láyà."

Awakọ̀ kò bi í léèrè irọ́ kankan. "Má fún wọn ní omi, má fún wọn ní nǹkan kan. Ṣé wọ́n ń mí?"

"Wọ́n ń mí, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n gan-an."

"Ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n dìde, kí wọ́n rọra máa rìn. Èmi àti nọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé, àmọ́ lójú Ológoṣẹ́, ó pẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá ti bì, ìrora náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò ní fi ti pé ó ti fúyẹ́ ṣe, àfi kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí dókítà wà lọ́dọ̀ ìyá, Ológoṣẹ́ àti awakọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

"Sà, ẹ má bínú sí mi."

"N kò bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí." Ó yọ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan. "Kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, èmi àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi jọ máa ń jẹun ní gáréèjì. Èmi ni mo máa ń jẹ jù, èmi náà ni mo sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Lẹ́yìn tí mo ṣe é tán, mo padà síbẹ̀. Mo jẹ díẹ̀, mo dúró. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́. Mo wọ inú ọkọ̀ mi, mo sunkún bí ọmọdé. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún á ní ṣebí ìlera ni mo wá. Ìpàdé wa yẹn nìkan ni mo ti sọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ológoṣẹ́ wolẹ̀. "Kí ni màmá mi máa ń sọ níbẹ̀?"

"Ẹnu wọn ló ti yẹ kó o gbọ́ ọ."

Dókítà jáde, ó ní ewu ti kọjá. Ológoṣẹ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jẹ́wọ́ irọ́ méjèèjì.

"Búrẹ́dì yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi jẹ ẹ́," ìyá sọ. "Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn dùn mí. Àwọn èèyàn yẹn ni mo fẹ̀yìn tì, ìwọ sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn."

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Sátidé wa ni mo ń wá."

Ìyá fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń sọ ní ìpàdé? Sátidé wa náà ni. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àárò obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn gan-an ń sọ mí, tó ń jẹun tó ń rẹ́rìn-ín láìwẹ̀yìn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé wàá sọ pé mo ti kábàámọ̀."

"Ṣé ẹ kábàámọ̀?"

"Rárá. Mo ń sùn dáadáa, mo ń gun àtẹ̀gùn láìdúró. Mo fẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Èèyàn lè ṣàárò nǹkan, kó má sì fẹ́ kó padà wá."

Àwọn méjèèjì sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn Sátidé wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi wọlé wá ní kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín nítorí àwọn aláìsàn tó kù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ológoṣẹ́ bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìpàdé. Ó dìde, ó sọ ohun tó ṣe fún wọn, ó sì tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Onígbàjámọ̀ kan tó jókòó ní kọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun náà kì í fẹ́ bá òun jókòó jẹun mọ́, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Nọ́ọ̀sì wo Ológoṣẹ́, ó bi í bóyá á lè bá àwọn ọmọ àwọn tó ń wá sí ìpàdé sọ̀rọ̀, kí àwọn náà ní ìjókòó tiwọn.

Bí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá kejì lẹ́yìn ilé ìkàwé. Àwọn ọmọ onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n ṣe bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá. Ológoṣẹ́ kì í fa ọ̀rọ̀ gùn fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Á sọ fún un pé ẹni tí a fẹ́ràn lè yí padà, kí ìfẹ́ má sì yẹ̀. Á ní bí nǹkan bá ń dùn ọ́, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, má fi irọ́ wá ohun tí o fẹ́, torí pé irọ́ tí òun pa láti fi gba ìyá òun padà, díẹ̀ ló kù kó gba ìyá náà lọ́wọ́ òun pátápátá. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́, á sì jẹ́ kí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.