Yàrá Tí Kò Sí Nínú Ìwọ̀n

Bàtà àbúrò ìyá Aránṣọ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni bàtà kò sí nínú ilé mọ́. Aránṣọ pè é ní pálọ̀. Ó pè é nínú yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yí ilé po, ó tún padà wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àkàbà ṣì fara ti ògiri. Téèpù tí ọkùnrin náà fi ń wọn ilé nà gbalaja sílẹ̀ ilé ìdáná, etí rẹ̀ kan sì ti wọ abẹ́ ògiri, bí ẹni pé wọ́n mọ ògiri lé e lórí. Ó fà á. Kò wá.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Aránṣọ fi lọ ra omi.

Obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Aránṣọ. Ó ti fi ọdún mẹ́jọ ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó há débi pé bí òun bá fẹ́ dìde, àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ilé ńlá tí ogún ẹ̀rọ ìránṣọ máa tò sí, tí orúkọ òun máa wà lókè ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé òṣùpá tà, yóò kọ́kọ́ béèrè iye ẹ̀rọ tó lè gbà.

Nígbà tó gbọ́ pé bàbá arúgbó kan fẹ́ ta ilé àtijọ́ ní owó pọ́ọ́kú, inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò sáré. Ó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀, bíríkìlà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-wò, torí kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ọkùnrin yìí kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Òun ló gbà á sọ́dọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun ló fi í síbi iṣẹ́ ìránṣọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ń gbé dòní. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun yẹ ilé náà wò, kí òun má baà fi ọwọ́ ara òun ra wàhálà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Wọ̀n-ọ́n-wò bọ́ bàtà. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti rì kí ojú tó rí i. Ó gun àjà, ó fi ọ̀bẹ gún àwọn igi òrùlé, ó ní ikán kò débẹ̀. Ó da omi sílẹ̀, ó wo ibi tó ń ṣàn lọ. Ó ń fi ìka kan ògiri, ó ń gbé etí lé e. Ilé tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sí ibì kankan tí ògiri rẹ̀ ti lanu. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí ilé dàgbà tó báyìí kó má ní àpá kan lára, òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ó wọn ìta, ó wọn inú. Ìta fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà gùn ju inú lọ. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

"Yàrá kan wà níbí tí wọn ò fi hàn wá," ló wí.

Ó ní kí Aránṣọ bá òun wá omi, ọ̀fun òun ti gbẹ. Kó tó dé, òun á ti rí ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

Aránṣọ ṣì kúnlẹ̀ sílẹ̀ ilé ìdáná, téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Má fà á mọ́. Ẹnìkan ló di etí kejì mú."

Bàbá Onílé, arúgbó tó fẹ́ ta ilé náà, ni. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Arúgbó náà gùn, ó gbẹ bí igi ìdáná, amọ̀ tútù sì kún èékánná rẹ̀. Aránṣọ bi í pé ibo ni àbúrò ìyá òun tó ń wọn ilé wà. Arúgbó náà kàn kọjá lára rẹ̀. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò dúdú sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní bó bá fẹ́ rí i, kó máa bọ̀.

Yàrá tóóró ni. Kò ní fèrèsé. Fìtílà kan ṣoṣo ló ń jó nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò amọ̀. Òórùn ẹran tútù gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àpá àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn kún ara ògiri láti òkè délẹ̀, ìka márùn-ún, ìka márùn-ún. Aránṣọ wo ọ̀kan títí. Ó ń wú, ó ń padà rẹlẹ̀. Ó ń mí.

Bàbá Onílé wá sọ òdodo ọ̀rọ̀ fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Oníṣègùn ni òun. Ènìyàn mẹ́ta ló ti ra ilé náà rí lọ́wọ́ òun, gbogbo wọn ló di olówó kí ọdún tó yí po, gbogbo wọn ló sì dá ilé padà fún òun, bí àdéhùn ṣe wí. Ó dárúkọ wọn. Aránṣọ ti ránṣọ fún ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, ó mọ irú ilé tí wọ́n ń gbé báyìí.

"Kò sí ẹni tó fẹ́ ra ilé tí kì í mú ẹni tó mọ̀ nípa ilé wá," ni arúgbó náà wí. "Ẹni yẹn á fọwọ́ kan ilé lára káàkiri. Kó tó ṣe tán, ilé á ti mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fi ń dí ibi tó bá lanu. Tìrẹ ti wọlé. Ó ṣì ń mí. Ìwọ tó mú un wá nìkan ló lè ní kó má jáde mọ́."

Ó ki ọwọ́ Aránṣọ bọ inú ìkòkò. Amọ̀ náà gbóná bí ara ènìyàn. Aránṣọ kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀:

"Ilé, jí. Ilé, la ẹnu. Ẹni tó kàn ọ́ lára rèé. Ẹni tó bá a tan rèé. Egungun rẹ̀ di òpó rẹ, awọ rẹ̀ di ọ̀dà rẹ, ẹ̀mí rẹ̀ di ọrọ̀ ẹni tó fà á kalẹ̀."

Ó kọjú sí i. "Ṣé o ti rí ilé yìí?"

"Mo ti rí i, sà."

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ó rí ogún ẹ̀rọ. Ó rí orúkọ rẹ̀ lókè ilẹ̀kùn.

"Mo fẹ́ ẹ."

"Ṣé o fi ẹ̀jẹ̀ ẹbí rẹ sílẹ̀ fún un?"

Aránṣọ kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá. Ó ń rò ó. Ó rò ó pé ọkùnrin náà ti ń dàgbà. Ó rò ó pé kò bímọ, pé ta ni yóò wá a. Iná fìtílà ń jó. Ó ṣì ń rò ó.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Láti inú ògiri ni. Ìka ènìyàn ló ń kàn án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ gan-an, amọ̀ wú síta, imú yọ nínú rẹ̀, ẹnu tí amọ̀ ti dí ń ṣí, ó ń pa dé.

"Rárá," ni Aránṣọ wí. "Mi ò fi í sílẹ̀."

Ojú Bàbá Onílé pọ́n. Ó ní ilé ti lanu, kò sì ní pa á dé láì gbé nǹkan mì. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń tì í lọ sára ògiri. Aránṣọ ta ìkòkò nípàá. Amọ̀ tú sílẹ̀, ẹsẹ̀ arúgbó náà yọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ògiri mú kó má baà ṣubú.

Ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ògiri fà á dé ọrùn ọwọ́. Ó fà á dé ìgúnpá. Egungun ń ró pá, pá, pá, bí igi gbígbẹ. Ó fẹ́ pe ọfọ̀ mìíràn, amọ̀ ló tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé títí ó fi ku ojú kan, ojú náà sì ń wo Aránṣọ títí tí amọ̀ fi bò ó.

Aránṣọ kò dúró wò ó tán. Ó ti ń fi ìka wa ògiri kejì, níbi tí imú ti yọ. Èékánná rẹ̀ ń ṣí, kò dúró. Ó rí èjìká, ó rí irun, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà. Wọ̀n-ọ́n-wò já bọ́ lé e lórí, ó ń wú ikọ́ amọ̀. Wọ́n rá jáde. Bí wọ́n ṣe ń kọjá ní pálọ̀, gbogbo ògiri ilé náà ń lanu lẹ́ẹ̀kan náà, láti ilẹ̀ dé àjà.

Oòrùn ọ̀sán ń ràn níta. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sí òdìkejì ọ̀nà, Aránṣọ sì bọ́ gèlè, ó ń fi í nu ojú àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀. Wọ̀n-ọ́n-wò tu amọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ń gbọ́ yín láti inú ibẹ̀," ló wí. "Nígbà tó bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, o pẹ́ kí o tó dáhùn."

Aránṣọ ń fi gèlè nu ọrùn rẹ̀ lọ.

Wọ̀n-ọ́n-wò kò bá a jà. Kò lé e jáde, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí. Wọ́n jọ ń jẹun, ó ń kí i káàbọ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti fẹ́ sùn, á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti inú, Aránṣọ á sì gbọ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí.