Ẹni Tí Dádì Ní Kó Wọlé

Ìwé náà ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà tí màmá Títílọpẹ́ mú un. Ojú ewé kan ṣoṣo ló jáde kí bébà tó tán nínú ẹ̀rọ. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lára màmá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló dúró sójú kan tó ń kà á. Orí ohun tí Ààrẹ kan ṣe fún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni ìwé náà dá lé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí: "Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ó ti wọ ilé wa, màmá mi ò sì mọ̀."

Ó pe Títí wá sí ilé ìdáná. Kò pariwo. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, kì í pariwo mọ́. Ńṣe ló máa ń wo ènìyàn. Ó wo irun Títí, ó wo èékánná rẹ̀, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí olè jà tó ń wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ilé.

"Ta ló ni ìwé yìí?"

Ká ní Títí sọ òótọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ìwé náà láìdárúkọ Dádì, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti sin Dádì, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wọn ní Grayson, lókè òkun. Awò ojú rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ilẹ̀kùn mọ́tò níbi tó fi í sí. Wọ́n máa ń rí i, wọn kì í fọwọ́ kàn án.

"Samirah ló ni ín, Mọ́mì," ni Títí wí. "Ẹ̀rọ tiwọn ló bàjẹ́."

Ọmọ àwọn ará Ìlọrin kan tó ń gbé ní Snellville nítòsí wọn ni Samirah, ọ̀rẹ́ tí Títí ní láti kékeré. Olùkọ́ wọn ló ní kí olúkúlùkù mú ohun kan tí olórí orílẹ̀-èdè kan fi sílẹ̀, kó sì sọ bó ṣe kan ilé kan. Ohun tí Samirah ṣe kò ju pé ó bá Títí wá ìwé kà.

"Mo ti ń fura sí ọmọ yẹn tipẹ́," ni màmá wí.

Ìfura loògùn àgbà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí a lò kọjá ìwọ̀n a máa di májèlé. Ní Sátidé, Títí wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí màmá rẹ̀ pe ìyá Samirah lórí fóònù. Ó ní òun ò sọ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun wo ohun tí ọmọ wọn ń kọ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, Samirah wá bá Títí nínú yàrá oúnjẹ iléèwé. Kò mú fóònù lọ́wọ́.

"Bàbá mi gba fóònù mi, wọ́n tú gbogbo aṣọ mi. Mo bi wọ́n pé kí ni mo kọ, wọ́n ní màmá ẹ mọ̀. Títí, kí ni mo kọ?"

Títí wo àwo oúnjẹ rẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"Ó dáa," ni Samirah wí. "Ojú ẹ ti sọ fún mi." Ó sì lọ jókòó síbòmíràn.

Láti ọjọ́ náà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Títí pẹ̀lú. Bí àwọn ọmọ méjì bá rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ni wọ́n ń bú. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́, gbogbo ẹnu tó bá mì, orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń gbọ́.

Ní Fúráìdè, màmá lọ gbé e ní iléèwé. Nígbà tí iná ojú ọ̀nà dá wọn dúró, màmá ti ọwọ́ bọ àpò ilẹ̀kùn mọ́tò láti wá bébà tó máa fi nu ojú. Ọwọ́ rẹ̀ kan awò ojú Dádì. Ó yára yọ ọ́, bí ẹni tí iná jó. Títí rí i. Ó fa àwọn ojú ewé tó kù jáde nínú báàgì rẹ̀.

"Mọ́mì, èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Dádì ni mo kọ ọ́ fún."

Màmá yà sí iwájú ilé ìtajà kan, ó pa mọ́tò. Ó gba ìwé náà. Kò mú awò ojú tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó mú ti Dádì, ó fi sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun tí Títí kọ nìyí: lọ́jọ́ tí Dádì kú, ibi iṣẹ́ ni màmá wà, ní ọsibítù mìíràn. Bọ̀ọ̀dá Lékan, ọ̀rẹ́ Dádì tó ń ṣiṣẹ́ ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú ní College Park, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dádì. Wọ́n bi í bóyá ẹbí ni. Ọ̀rẹ́ láti iléèwé ni, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan láàárín wọn, ṣùgbọ́n ó ti la ẹnu láti sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Lédè tiwa, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nínú ìwé ọsibítù, irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ní kó má wulẹ̀ ṣàlàyé: aláìsàn ti dárúkọ rẹ̀ pé kó wọlé. Ó wọlé, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń kọ orin ìsìn títí èémí Dádì fi tán.

Títí fẹ́ mọ ibi tí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ti wá. Ó rí i pé ní ọdún 2010, Ààrẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé pàṣẹ pé kí àwọn ọsibítù jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan ẹni tó máa wá wò ó. Lára ohun tó fà á ni pé wọ́n máa ń dá àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, olólùfẹ́ wọn a sì kú sínú yàrá ọsibítù láìrí wọn.

Màmá ka ìwé náà tán.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bi aláìsàn pé ta ló fẹ́ kó wá wo òun," ló wí. "Mi ò béèrè rí bí ìbéèrè yẹn ṣe débẹ̀." Ó yọ awò ojú náà. "Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà nínú mi, Títí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún àwọn èèyàn yẹn, ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Lékan gbà wọlé. Àwọn kan ti sunkún níta kí bàbá ẹ má baà kú lóun nìkan."

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Samirah ńkọ́?"

"Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

"Èmi náà sì gbọ́ tẹnìkan, mo dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ó ṣáná sí mọ́tò, ó kọjú sí Snellville.

Títí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Samirah. Màmá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyá Samirah ní kí wọ́n dìde, ṣùgbọ́n Samirah kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti kọ orúkọ ẹ sí ìwé yẹn?" ló bi Títí.

"Rárá."

"Lọ kọ ọ́ ná."

Nínú mọ́tò, Títí mú bírò, ó kọ Títílọpẹ́ Bámgbóyè sí ojú ewé àkọ́kọ́. Samirah gba fóònù rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kó tó tún bá Títí jẹun. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni Títí kọ́ ọ pé, irọ́ tí a bá fi bo ara wa, ẹlòmíràn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Àti pé kí ẹni tó bá ń fura kọ́kọ́ béèrè, kó sì ka ìwé dé ojú ewé tó kẹ́yìn.