Mọ́tò Mẹ́ta Inú Ìbọ̀wọ́ Bàbá

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì to mọ́tò kéékèèké mẹ́ta tó ń fi iná ṣiṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ìṣáná lọ, sórí tábìlì níwájú ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì rẹ̀.

"Kílò kan ni wọ́n lè jọ gbé. Bí ẹrù bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á gbóná, eyín ike inú wọn á sì yọ́. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Wọ́n ti ń gbó."

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán wọn mọ́ ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ pa ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mọ́tò á fa okùn, okùn á ká ìka, bàbá, tó jẹ́ télọ̀, á sì lè di aṣọ mú lórí máṣíìnì. Iṣẹ́ yẹn ni ilé ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ díje lórí apá onírin tó ń gbé ẹrù, ẹni tó bá sì gba ipò kìíní á lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà débẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti bẹ bàbá títí tó fi bọ́ ìbọ̀wọ́ náà fún un, kí wọ́n lè yọ mọ́tò inú rẹ̀.

"Tọ́jú rẹ̀ o, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Ọ̀la làwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá kó aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n rán fún wọn."

Níbi ìdíje, apá onírin tó fi wọ́n ṣe gbé kílò kan láìmira. Ti ilé ẹ̀kọ́ kejì gbé méjì.

"Fi kún un," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ sí i létí. "Ta ló máa sọ fún olùkọ́?"

Ó fi kílò méjì mìíràn kún un. Apá náà gbéra díẹ̀, ó dúró, mọ́tò ń han bí ẹ̀fọn. Ó yẹ kó paná rẹ̀. Kò pa á. Òórùn ike tó ń jó gba gbọ̀ngàn, ẹrù sì já lulẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kejì ló gba ipò kìíní.

Nígbà tó délé, bàbá ti na ọwọ́ sílẹ̀ de ìbọ̀wọ́. Ọmọ kó mọ́tò tó ti dúdú jáde. Bàbá fi ọwọ́ òsì yí ọ̀kan wò.

"O mọ ìwọ̀n wọn kó o tó ṣe é?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ohun tó dùn mí nìyẹn."

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni bàbá ń fi ọwọ́ òsì nìkan gbìyànjú láti rán aṣọ náà, aṣọ ń yọ̀ bọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì kó aṣọ wọn lọ fún télọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń ta irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní ó di oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó dé.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àìmọ̀ kọ́ ló sọ ọmọ yìí sínú ìyà. Ó mọ ibi tí agbára pin, ó sì tì í kọjá ibẹ̀ nítorí ojú ayé. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í dá jìyà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́.