Ta Ló Kọ́ Ọmọ Ajá Yìí Ní Gbígbó?

Orí oníbàárà ti dé ìdajì, ó ku ìdajì. Onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́jẹ́jẹ́ rọra gbé ẹ̀rọ ìgẹrun lé ẹ̀yìn etí ọkùnrin náà. Ó pa ojú kan dé bí ẹni tó fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́.

"Wóò! Wóò!"

Ọwọ́ fò, ẹ̀rọ fò. Kí oníbàárà tó gbójú sókè wo dígí, ọ̀nà tóóró kan ti là láti ẹ̀yìn etí dé àtàrí.

"Dákẹ́!" Ọwọ́jẹ́jẹ́ ké mọ́ ọmọ ajá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Mo ní o dákẹ́! Dákẹ́, dákẹ́!"

Ọmọ ajá ju ìrù. Ó gbó sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ni oníbàárà wí, "ṣé irun lẹ̀ ń gẹ̀ ni, àbí ẹ̀ ń la títì?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú fá gbogbo rẹ̀."

"Èmi? Kí n di apárí?"

"Ó máa bá ojú yín mu."

Ìyá Ọwọ́jẹ́jẹ́ ló ni ajá yìí. Nọ́ọ̀sì ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ilé ti dá páropáro lójú rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá fún un ní ọmọ ajá kó lè rí ohun bá ṣeré. Màmá sọ ọ́ ní Tẹ́tí. Ṣùgbọ́n yàrá iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Bí Ọwọ́jẹ́jẹ́ bá ti tẹjú mọ́ orí ènìyàn báyìí, Tẹ́tí á bẹ̀rẹ̀.

"Màmá," ni Ọwọ́jẹ́jẹ́ wí nígbà tí oníbàárà ti gbé orí dídán jáde, "tó bá di Sátidé tí ajá yìí ò bá tíì jáwọ́, ìbátan wa tó ń dáko á wá gbé e lọ. Mo ti bá a sọ ọ́."

Màmá gbé ọmọ ajá mọ́ àyà. "Sátidé wo? Èyí tó ń bọ̀ yìí?"

Kí ọmọ tó dáhùn, télọ̀ tí wọ́n jọ pín ògiri wọlé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ariwo yìí ti pọ̀ jù."

"Ẹ ò rí i, Màmá!" Ọwọ́jẹ́jẹ́ na ìka sí ajá. "Ará àdúgbò náà ti ń wí."

"Kì í ṣe ajá ni mo wá bá wí," ni télọ̀ dá a lóhùn. "Ìwọ ni. Ajá gbó díẹ̀, ó sinmi. Ìwọ kì í sinmi! Lánàá, oníbàárà mi kan ní kí n dín ìbàdí aṣọ òun kù. Bó ṣe lanu báyìí, o ké láti ẹ̀yìn ògiri: 'Dákẹ́!' Ó rò pé èmi ni. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ."

Ọwọ́jẹ́jẹ́ wolẹ̀. Màmá fi etí ajá bo ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ẹran kan wá gẹrun. Kò tíì jókòó dáadáa tí Tẹ́tí fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́jẹ́jẹ́ ké "Dákẹ́!" Màmá ju búrẹ́dì sí i láti ẹnu ọ̀nà. Dókítà wo gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Tẹ́tí ni," ni Màmá wí.

"Ẹ bá mi pè é."

"Tẹ́tí! Tẹ́tí, ọmọ mi!"

Ọmọ ajá ń họ imú. Kò tilẹ̀ mi etí.

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Dákẹ́."

Tẹ́tí fò dìde. Ó sáré wá, ó jókòó lórí bàtà dókítà, ó ń wò ó lójú bí ẹni ń retí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an.

"Ẹ kú oríire," ni dókítà wí. "Ẹ ti tún un sọ lórúkọ. Ẹ rò pé ẹ̀ ń bá a wí. Òun rò pé ẹ̀ ń pe òun."

"Háà!" Ọwọ́jẹ́jẹ́ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. "Ta wá ló kọ́ ọ ní gbígbó?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni. Bó bá gbó, ẹ wò ó, ẹ bá a sọ̀rọ̀, Màmá tún sọ búrẹ́dì sí i. Ẹnu kan péré ló fi pe ènìyàn méjì àti oúnjẹ. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní gbó ni?"

"Ṣé kí n wá wá pàṣán?"

"Rárá o! Ẹ má nà án, ẹ má sì so ó lẹ́nu. Ajá tí ẹ̀rù ń bà lè bu ènìyàn jẹ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ebi ló ń pa á, tàbí òùngbẹ, tàbí ó fẹ́ jáde lọ tọ̀, tàbí ara rẹ̀ ò yá. Bí kò bá sí ọ̀kankan, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ má wò ó, ẹ má bá a sọ̀rọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá panu dé, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ wá yìn ín, kí ẹ fún un ní nǹkan. Láàárọ̀, ẹ mú un rìn dáadáa, kí ẹ sì wá ohun tó lè máa jẹ lẹ́nu fún un."

Ó tún ní, "Mo kìlọ̀ fún yín o: á kọ́kọ́ burú sí i kó tó dẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì dá a lóhùn nínú ilé yìí, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa gbó pẹ́ sí i nìyẹn."

Ọjọ́ kìíní lọ wẹ́rẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Tẹ́tí gbó bí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n fi ṣọ́ ayé. Ọwọ́jẹ́jẹ́ kọjú sí ògiri. Ó yí àga oníbàárà sí ògiri pẹ̀lú. Télọ̀ tó wá yá sísọ́ọ̀sì náà kọjú sí ògiri. Ọkùnrin kan yọjú, ó bi wọ́n pé, "Ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni?"

Lójijì, ajá panu dé.

"Ení, èjì…" Ọwọ́jẹ́jẹ́ yíjú tayọ̀tayọ̀ láti yìn ín. Màmá ló rí lábẹ́ tábìlì, búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Màmá!"

"Mò ń jẹun ni."

"Lábẹ́ tábìlì?"

Ó fà á dìde. "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń di ẹrù rẹ̀ fún oko."

"Mo mọ̀." Màmá gbọn ìdọ̀tí kúrò ní orúnkún. "Ṣùgbọ́n bó bá ti ké, ó dà bíi pé ẹnì kan ń wá mi. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ta ló ń wá mi? Ìwọ gan-an, ìgbà tí mo bá wúkọ́ lo máa ń yọjú."

Ọwọ́jẹ́jẹ́ fa àga kan wá, ó fi Màmá jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn Màmá. Màmá ò wúkọ́, kò ké. "Ẹ wọ bàtà yín, Màmá. Ẹ jẹ́ ká mú ajá rìn." Wọ́n rìn yíká àdúgbò, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé, Tẹ́tí nà gbalaja sábẹ́ àga, ó ń jẹ rọ́bà kan lẹ́nu. Màmá jókòó tì í, ó ń fi búrẹ́dì dá a lọ́lá ní gbogbo ìgbà tó bá dákẹ́ jẹ́jẹ́.

Ìbátan wọn dé ní Sátidé tòun ti agbọ̀n. Tẹ́tí gbó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí eléré tí àwọn òǹwòran ti lọ ilé, ó sì sùn padà.

Màmá dìde, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó gbé ajá sínú agbọ̀n fúnra rẹ̀. "Ó gbó. Àdéhùn ni àdéhùn."

Ọwọ́jẹ́jẹ́ gbé e jáde kúrò nínú agbọ̀n. "Màmá, ajá tí kì í gbó rárá, àgùntàn nìyẹn. Mo ní kó jáwọ́ nínú àṣejù, ó sì ti jáwọ́. Ibí ló máa wà." Ó kọjú sí ìbátan wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé agbọ̀n yín padà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ajá nílé, ẹ gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi fún un, bí ara rẹ̀ ò bá sì yá, ẹ tọ dókítà ẹran lọ. Bó bá ń gbó kí ẹ lè wò ó nìkan, ẹ má bú u, ẹ má nà án, ẹ má sì fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́. Kí gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí ẹ bá ń dá lóhùn ni yóò máa dàgbà. Ẹ wá a lọ nígbà tó bá jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá pariwo kí ẹ tó rántí pé ó wà nílé.